Ẹ Jẹ́ Kí A Fi Ẹsẹ̀ Mọ Lọ́kọ́jà

Ní oṣù tó kọjá, a gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ ní ilé mẹ́ta láàárín wa. Ọlọ́run yóò wò wọ́n dàgbà.

Ọ̀rọ̀ ìrìn ẹsẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti pẹ́ ní Lọ́kọ́jà, ṣùgbọ́n láti ilé dé ìsọ̀, láti ìsọ̀ dé ilé ni a mọ̀, àwọn ọmọ tí a bí síbí kò sì mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní etí omi ní kùtùkùtù, nígbà tí àwọn apẹja bá ń gúnlẹ̀. Ẹ óò gbọ́ èdè Nupe, Ígálà, Ẹ̀bìrà àti Haúsá lẹ́nu àwọn tí ń ná ọjà. Ẹ óò rí ibi tí Odò Ọya, tó ti Gíní wá, ti pàdé Odò Bẹ́núé tó ti Kamẹrúùnù wá. Àwọ̀ omi méjèèjì kì í bára mu. Wọn a máa ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí orogún nílé ọkọ kan, kí wọ́n tó dàpọ̀.

Omi yìí ló gbé Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣọ́ọ̀gùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, dé ibí ní 1841. Ó tún wá ní 1854 àti 1857. Kí àwọn tí ń sọ pé àná la dé síbí rántí èyí.

Láti ibẹ̀, ẹ yà sí ilé-ìwé Holy Trinity. Irin méjì tó dúró nínú ọgbà rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Iron of Liberty. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá ẹrú sílẹ̀. Ẹ má ṣe kánjú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn án, kí ó sì béèrè ohun tó bá fẹ́.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gun Òkè Patti, tí gíga rẹ̀ tó mítà 458. Ilé ìsinmi Lugard wà lókè níbẹ̀. Wọ́n ti sọ tirẹ̀ tó. Ẹ kí àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀ tí ẹ bá pàdé. Èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka kan lára tiwa, bí ẹ bá fara balẹ̀ ẹ óò gbọ́ ọ. Àwọn sì ni onílẹ̀.

Orí òkè yìí gan-an ni ìdí tí a fi kọ̀wé wà. Ẹ wo ìsàlẹ̀: ẹ óò rí bí ilẹ̀ etí odò ti tẹ́jú tó, àti bí àwọn ilé Adankolo àti Ganaja ti sún mọ́ omi tó. Ní 2012 àti 2022, omi wọlé tọ àwọn ènìyàn, ó sì gé ọ̀nà Abuja ní Koton-Karfe. Odò méjèèjì ń kó òjò ibi jíjìn wá, oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni wọ́n sì máa ń kún jù. Bí wọ́n bá tún ṣí omi tí wọ́n sé ní Lagdo ní Kamẹrúùnù, ó di ìlọ́po. Síbẹ̀, bí ìbátan wa bá ti ilé dé lóṣù kìíní, tí gbogbo ilẹ̀ gbẹ, yàrá etí omi tí owó rẹ̀ kéré ni a ń mú un lọ! A kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé ibi tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ gun òkè wò ó, kí ó sì béèrè ibi tí omi dé lára ògiri ilé náà, kí ó tó san owó ọdún kan.

Àwọn òbí kan ní ìrìn lásán ni èyí, kí ọmọ jókòó kàwé. A gbọ́. Ṣùgbọ́n bí omi bá dé lóru, ọmọ tó mọ ọ̀nà ibi gíga ni yóò fa àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ jáde.

Sátidé kejì oṣù kọkànlá ni a ó jọ lọ, nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ kò sì tíì bo ojú odò. Ẹ mú omi mímu àti bàtà tó le wá. Àwọn ìyá tó pọnmọ lè dúró dè wá ní ìsàlẹ̀ òkè. Agogo mẹ́fà àárọ̀ ni o, kì í ṣe agogo mẹ́fà ti òde ìyàwó.