Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Rí Dókítà?

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú wa, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ nílẹ̀ tí kò yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, kì í ṣe ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni dókítà ń kọ́kọ́ rí, bí kò ṣe ẹni tí ikú súnmọ́ jù lọ. Nọ́ọ̀sì ni ń ṣe ìyàtọ̀ náà. Nísinsìnyí, wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà tí ó ní ọgbọ́n àtọwọ́dá ràn án lọ́wọ́, àwọn kan sì ń wí pé ẹ̀rọ kì í ṣe ojúsàájú, nítorí tí kò ní ẹ̀yà, tí kò sì ní ẹbí.

Àwa kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ohun tí a bá fi kọ́ ọmọ ni ọmọ ń mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀rọ. Ní ọdún 2019, Ziad Obermeyer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú ìwé ìròyìn Science pé ètò kọ̀ǹpútà kan, tí wọ́n fi ń yan àwọn aláìsàn fún àfikún ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà, ń fi owó tí a ná lórí ènìyàn díwọ̀n àìsàn rẹ̀. Nítorí pé owó tí a ń ná lórí aláwọ̀ dúdú kéré, ẹ̀rọ rò pé ara wọn le. Nínú 100 ẹni tí a yàn, aláwọ̀ dúdú jẹ́ 17.7, bí a bá tún àṣìṣe náà ṣe, wọn ì bá di 46.5. Ní ọdún 2020, ìwádìí mìíràn ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹ̀rọ tí a ń há mọ́ ìka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ń fojú fo àìtó ọ́síjìn lára aláwọ̀ dúdú ní ìwọ̀n tí ó súnmọ́ ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Bí kọ̀ǹpútà bá gbára lé irú iye bẹ́ẹ̀, báwo ni ìdájọ́ rẹ̀ yóò ṣe tọ́?

Àwọn kan yóò wí pé nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ń ṣìnà, pàápàá nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Òtítọ́ ni, a kò sì ní kí a ju ẹ̀rọ sígbó. Ṣùgbọ́n a lè bi nọ́ọ̀sì léèrè, òun náà sì lè wo ojú aláìsàn lẹ́ẹ̀kejì. Àṣìṣe ẹ̀rọ, níbi gbogbo tí a bá gbé e sí ni yóò ti tún un ṣe. Bí ìyá wa kan bá sì dé, tí ó ní, "Àyà mi ń já," nọ́ọ̀sì ọmọ ìlú mọ̀ pé ìbẹ̀rù lè wà níbẹ̀, àìsàn ọkàn sì lè wà níbẹ̀. Yóò bi í sí i. Ẹ̀rọ tí a fi àkọsílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ ńkọ́?

Ohun mẹ́ta ni a ń bèèrè. Kí ẹ̀rọ jẹ́ olùdámọ̀ràn, kí ènìyàn sì jẹ́ onídàájọ́. Kí a tó lò ó fún wa, kí a dán an wò láàrin wa, kí a sì kéde èsì rẹ̀. Kí àwọn ilé ìwòsàn wa máa kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ̀rọ ọ̀la lè rí ohun tòótọ́ kọ́. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.