Kantamanto: Ọjà gbangba ni, àmọ́ ta ló ni ojú ọlọ́jà nínú fídíò?

Yàrá tí oníbàárà ti lè bọ́ aṣọ kó sì wọ òmíràn wò kò wọ́pọ̀ ní ọjà Kantamanto, láàárín gbùngbùn Accra. Obìnrin tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá síkẹ́ẹ̀tì kan bá òun mu máa ń fà á wọ̀ lé aṣọ ọrùn rẹ̀ lórí, láàárín ìsọ̀ méjì. Àwọn tó wà nítòsí mọ bí wọ́n ṣe ń gbójú kúrò. Ẹni tó na fóònù sókè láti ká fídíò ọjà kò ní gbójú kúrò ní tirẹ̀, obìnrin náà sì lè má mọ̀ pé òun ti wà nínú rẹ̀.

Nǹkan bí 30,000 èèyàn ló ń jẹun ní Kantamanto, ọ̀kan lára ọjà òkìrìká tó tóbi jù lọ lágbàáyé. Obroni wawu ni wọ́n ń pe ọjà tí wọ́n ń tà, ìyẹn aṣọ òyìnbó tó ti kú. Akọ̀ròyìn, arìnrìn-àjò àtàwọn ọ̀dọ́ orí TikTok kì í wọ́n níbẹ̀.

Irú àríyànjiyàn yìí ti wáyé ní àwọn ilé ìdárayá. Ní 2016, Dani Mathers, tó ń fi ẹwà pawó ní Amẹ́ríkà, ya fọ́tò obìnrin ẹni 70 ọdún ní yàrá ìwẹ̀ ilé ìdárayá kan ní Los Angeles, ó sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí Snapchat. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ilé ẹjọ́ ní kó lọ ṣiṣẹ́ ìlú fún 30 ọjọ́. Ilé ìdárayá ní olówó, ó ní ilẹ̀kùn, ó sì ní ògiri tí wọ́n lè lẹ òfin mọ́. Kantamanto kò rí bẹ́ẹ̀.

Abala 18 nínú òfin ilẹ̀ Ghana ti 1992 dáàbò bo àṣírí ilé, dúkìá, lẹ́tà àti ìbánisọ̀rọ̀ ẹni. Òun ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbé lé ní 2018, nígbà tó kọ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ lórí fóònù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Àmọ́ abala náà kò dárúkọ ojú èèyàn láàárín ọjà. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2012 ló sún mọ́ ọn jù, nítorí ó ka ìyọ̀ǹda sí pàtàkì kí wọ́n tó lo ìsọfúnni nípa ẹni. Síbẹ̀, ó fi àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìròyìn tó jẹ mọ́ ire aráàlú, àti fún ohun tí èèyàn ń lò nínú ilé ara rẹ̀. Àyè méjèèjì yìí gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń fi fídíò pawó lè pe ara rẹ̀ ní akọ̀ròyìn. Òfin Nàìjíríà ti 2023 náà ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà sì ju ìtìjú lọ. The Or Foundation, tó ń bá àwọn ọlọ́jà ṣiṣẹ́, ti sọ pé nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún aṣọ inú bélì ló ń di ìdọ̀tí. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò òkìrìká ní Ghana gbé ìwádìí tiwọn jáde ní 2024, wọ́n ní kò ju ìdá 5 lọ. Lọ́dún yẹn kan náà, Faransé, Denmark àti Sweden ń fẹ́ kí àdéhùn Basel lórí ìdọ̀tí olóró kan aṣọ àlòkù. Ìyàwó ilé tó tú bélì, tó ń ya èyí tó ya sọ́tọ̀, lè di ẹlẹ́rìí nínú ẹjọ́ yìí láìmọ̀, nínú fídíò tí àkọlé rẹ̀ sọ pé ààtàn ni ìsọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fòfin de aṣọ náà, ìsọ̀ yẹn ni yóò kọ́kọ́ tì.

Èyí kò ní kí wọ́n má ya fídíò rárá. Nígbà tí iná jó ọjà náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kínní 2025, àwòrán ló jẹ́ kí ayé mọ bí àdánù náà ṣe tó.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ni kayayei, àwọn obìnrin alábàárù, tí ọ̀pọ̀ wọn wá láti àríwá Ghana, tí àwọn mìíràn kò sì tíì pé ọmọ ọdún 18. Bélì tí wọ́n ń rù lè tó kílò 55. Ẹni tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wà lórí rẹ̀ kò lè fọwọ́ bojú, kò sì lè dúró bá oníkámẹ́rà ṣàròyé. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n dúró dè é títí yóò fi sọ ẹrù kalẹ̀, kí wọ́n kí i, kí wọ́n sọ ibi tí fídíò náà ń lọ, kí wọ́n sì pa á rẹ́ bó bá ní òun kò fẹ́.

Àwọn ọlọ́jà kan máa ń béèrè owó kí wọ́n tó gbà. Àwọn àlejò a ní ojúkòkòrò ni, àmọ́ ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lórí iye èèyàn tó bá wo fídíò rẹ̀.