Ilé Ìwé Ṣí, Ọjà Ṣí, Omi Ìfọwọ́ Wá Dà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òwe yìí ló bá ohun tí ojú àwọn ọmọ Nàìjíríà rí mu lọ́dún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà wọlé dé, tí ìjọba sì ní kí onílé ó gbélé. Kò sí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹ̀mí òun gùn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi iṣẹ́ òòjọ́ jẹun kò lè jókòó sílé títí àrùn yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ìdí nìyí tí ọjà fi ṣí, tí ọ́fíìsì ṣí, tí ilé ìwé náà sì ṣí, bẹ́ẹ̀ àrùn ọ̀hún ṣì wà nígboro. Ìpinnu yẹn tọ̀nà. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé, nínú àwọn àdéhùn tí ìjọba bá àwọn òbí ṣe kí ilé ìwé tó ṣí, ọ̀pọ̀ ló ti di ohun ìgbàgbé lónìí.

Bí ẹnikẹ́ni kò bá gbàgbé, ọjọ́ 27, oṣù Kejì, ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn náà ti wọ Nàìjíríà. Ará Ítálì kan ló gbé e wọ Èkó láti ìlú Milan, tó sì gba ibẹ̀ dé Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Oṣù kan lẹ́yìn náà, Ààrẹ ìgbà náà, olóògbé Muhammadu Buhari, pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá. Aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30, oṣù Kẹta ni àṣẹ náà bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, àmọ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló tó gbáko kí wọ́n tó dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀ ní ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún. Ìrìn àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn kò sì rí àyè títí di ọjọ́ 1, oṣù Keje.

Ohun tí ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn fojú àwọn ènìyàn rí kò ṣe é fẹnu sọ tán. Télọ̀, bíríkìlà, mẹkáníìkì, onídìrí àti ọlọ́kadà kò rí owó kankan gbà, torí pé ẹni tí kò bá jáde kò rí iṣẹ́ ṣe. Lóòótọ́, òfin fàyè gba ọkọ̀ tó kó oúnjẹ, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ní tòmátì àti ata lóko mọ̀ pé ọkọ̀ kò wá bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀fọ́ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀, ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè yìí fi ìdá 6.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀ láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà ọdún náà.

Oúnjẹ ìrànwọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n pín ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé ni kò dé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, lẹ́yìn ìwọ́de tí àwọn ọ̀dọ́ ṣe tako àwọn ọlọ́pàá SARS, àwọn ènìyàn já ilẹ̀kùn àwọn ilé ìkẹ́rùsí ní Èkó, ní Ẹdẹ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti ní ibòmíràn, wọ́n sì bá ìrẹsì, gààrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Jíjá ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn kò dára, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbè é lẹ́yìn. Síbẹ̀, oúnjẹ tó ń sùn sínú yàrá nígbà tí ebi ń pa ọmọ aráyé kì í ṣe ohun tí ará ìlú yóò tètè gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló tún wá le jù. Oṣù Kẹta ọdún 2020 ni ilé ìwé ti di títì pa. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣàn, àwọn ilé ìwé aládàáni tó rí ọwọ́ họrí sì ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà ní abúlé tí iná ọba kò dé, tí òkúta rédíò bàbá rẹ̀ sì ti kú, kí ni yóò fi gbọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò? Oko ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbà lọ. Òmíràn bá ìyá rẹ̀ kiri ọjà, òmíràn sì wọṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá.

Ìjọba pàápàá kò fẹnu kò sójú kan. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní kí àwọn ọmọ kíláàsì àṣejáde padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ 6, oṣù Keje. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, Adamu Adamu tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà sọ pé ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ kò ní ṣí, àwọn ọmọ ibẹ̀ kò sì ní ṣe ìdánwò WAEC. Ariwo ta, àwọn òbí fárí gá. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba àpapọ̀ yí ohùn padà, àwọn ọmọ ọ̀hún wọlé ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹjọ, ìdánwò sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kan náà. Àwọn ọmọ tó kù dúró sílé di oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, ìyẹn bí oṣù mẹ́fà gbáko láìfojú kan pátákó ìkọ̀wé.

Kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni ilẹ̀kùn ilé ìwé fi ṣí. Ìlànà tí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ gbé jáde sọ pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lo ìbomú, kí àyè mítà méjì wà láàárín ọmọ kan sí èkejì, kí omi àti ọṣẹ sì wà fún ìfọwọ́. Ẹni tó bá mọ bí ilé ìwé ìjọba ṣe rí ní ìgbèríko yóò rẹ́rìn-ín. Ibi tí ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo, níbo ni mítà méjì yóò ti wá? Síbẹ̀, àwọn olùkọ́ gbìyànjú. Àwọn mìíràn pín ọmọ sí òwúrọ̀ àti ọ̀sán. Níbi tí ìjọba kò dé, àwọn òbí dáwó ra garawa tó ní ẹnu ẹ̀rọ, ọṣẹ àti ìbomú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ilé ìwé mìíràn, ọmọ rí omi fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun.

Ìdí pàtàkì wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwọn àgbàlagbà ju ẹnikẹ́ni lọ. Àrùn Kòrónà kì í sábà pa ọmọdé, ṣùgbọ́n ọmọ lè gbé e wálé láìmọ̀ fún bàbá àgbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìyá àgbà tó ní àtọ̀gbẹ. Owó, ipò àti ìmọ̀ kò sì dí i lọ́wọ́. Ọjọ́ 25, oṣù Kẹfà, ọdún 2020 ni gómìnà Ọ̀yọ́ tẹ́lẹ̀ rí, Abíọ́lá Ajímọ̀bi, jáde láyé. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn rẹ̀, kọmíṣánnà ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Dókítà Wahab Adégbẹ̀nrọ̀, tó ń ṣíwájú ìjà náà ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, tẹ̀lé e. Iye àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní àrùn náà ní Nàìjíríà lé ní 266,000, àwọn tí wọ́n sì kà mọ́ òkú rẹ̀ jẹ́ 3,155.

Àwọn kan ń fi iye yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kò tó bí wọ́n ṣe pariwo rẹ̀, àrùn olówó ni, irọ́ ni. Òótọ́ ni pé ohun tí àwọn aláwọ̀ funfun sọ tẹ́lẹ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà kò ṣẹ tó bí wọ́n ṣe rò. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá sin ìyá rẹ̀ láìjẹ́ kí ó súnmọ́ pósí kò ní bá wọn rẹ́rìn-ín. Àrùn náà kò sì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún ru gùdù ní ìparí ọdún 2020, tó fi jẹ́ pé àárín ọkàn ìbẹ̀rù ni ilé ìwé tún fi wọlé ní ọjọ́ 18, oṣù Kìíní, ọdún 2021. Ọjọ́ 2, oṣù Kẹta ọdún yẹn ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin kọ́kọ́ balẹ̀ sí Àbújá. Ó di ọjọ́ 5, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023 kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde pé àrùn náà kì í ṣe pàjáwìrì mọ́. Àkókò tó ju ọdún mẹ́ta lọ ni aráyé fi bá a gbé. Ọjà ń lọ, ilé ìwé ń lọ, àrùn náà ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Nígbà tí ẹ̀rù àrùn náà lọ, garawa náà bá a lọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ ti kán, èyí tí kò kán ti di ohun tí wọ́n fi ń pọn omi ìkọ́lé. Ọṣẹ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó wá dà bí ẹni pé Kòrónà nìkan ló ń ti ọwọ́ ìdọ̀tí wọ ara ènìyàn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì mú ẹ̀mí lọ. Omi tí ìgbẹ́ ti bà jẹ́ àti ọwọ́ tí wọn kò fọ̀ ni àrùn yìí ń bá rìn. Nígbà tó bá kọlu ọmọ, ó lè gbẹ omi ara rẹ̀ tán láàárín wákàtí díẹ̀. Garawa omi àti ọṣẹ tí wọ́n rà nítorí Kòrónà ni oògùn ìdènà rẹ̀, kò sì gba dókítà.

Nítorí náà, ó yẹ kí omi àti ọṣẹ di dandan ní gbogbo ilé ìwé, bí pátákó àti ṣọ́ọ̀kì ṣe jẹ́ dandan. Bí ẹnikẹ́ni bá ní owó kò sí, kí ó wo òrùlé páànù ilé ìwé. Gọ́tà kan àti táǹkì kan tó láti gba omi òjò tí yóò fọ ọwọ́ àwọn ọmọ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ti gómìnà. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìdájọ́ yẹn fún ará ìlú lẹ́nu láti béèrè pé, kí ni wọ́n fi owó náà ṣe fún ilé ìwé àti ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ní ìtòsí wa?

Ohun kejì ni àwọn ọmọ tí kò padà wá. Nígbà tí agogo ilé ìwé dún lọ́dún 2020, kì í ṣe gbogbo orúkọ inú rẹ́jísítà ló dáhùn. Àwọn ọmọbìnrin kan ti lóyún, àwọn ọmọkùnrin kan ti di ọmọṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí ti dàgbà báyìí, àwọn mìíràn ti di òbí. Ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ wá wọn rí, kí ó sì mú ẹ̀kọ́ àgbà àti ìdánwò súnmọ́ wọn, ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Àwọn ọba, baálẹ̀ àti ìyálọ́jà mọ ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbé.

Iṣẹ́ wà fún àwọn àgbà náà. Ẹni tí ọmọ ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ìwé ìjọba lè lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́, kí ó sì bi ọ̀gá ilé ìwé léèrè ibi tí omi wà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìbéèrè yẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ó lè mú kí wọ́n tún ẹnu ẹ̀rọ tó kán ṣe.

Àrùn mìíràn yóò tún dé lọ́jọ́ kan, kò sí ẹni tó mọ orúkọ tí yóò jẹ́. Bó bá dé, ebi kò ní jẹ́ kí ènìyàn gbélé pẹ́, ọjà àti ilé ìwé yóò tún ní láti ṣí. Ìlú tí omi, ọṣẹ àti oúnjẹ ìrànwọ́ rẹ̀ bá ti wà nílẹ̀ nìkan ni yóò lè ṣí wọn láìfi ẹ̀mí àwọn arúgbó rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.