Ọmọ Ilé Iṣẹ́ Dùùrù Tó Kọ Orúkọ Rẹ̀ Sójú Ọ̀run

Ọ̀gá káfíńtà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sílé wa ló dá ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí sílẹ̀. Wọ́n mú iná lọ lóru ọjọ́ kan, mo jáde síta, mo gbójú sókè, mò ń wo ìràwọ̀. Ló bá ní, "Akọ̀wé, iṣẹ́ àwọn tó kàwé dé yunifásítì lo ń ṣe yẹn. Ìwọ tó jẹ́ ìwé mẹ́wàá lo kà, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ká sòótọ́, ó dùn mí díẹ̀. Ìdáhùn mi rèé o, ọ̀gá.

Ọmọkùnrin kan wà ní Jàpáànù, Kaoru Ikeya lorúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe dùùrù ló ti ń jẹun. Kò lówó tó lè fi ra awò awọ̀nàjíjìn, èyí tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run, ló bá ṣe tiẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ló fi lọ dígí inú rẹ̀! Ẹ̀yin ìyá wa, ṣé ẹ mọ bí ọlọ ṣe máa ń jinnú láàárín tí ọmọ ọlọ bá ti ń lọ, tó ń bọ̀ lórí rẹ̀ lójoojúmọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Wọ́n á gbé dígí lé dígí, wọ́n á bu lẹ́búlẹ́bú líle sáàárín, wọ́n á máa lọ̀ ọ́ títí ọ̀kan á fi jinnú díẹ̀ bí àwo. Bí wọ́n bá ṣì í lọ̀ pẹ́nrẹ́n, kò ní ríran dáadáa. Awò yìí ni Ikeya fi rí ìràwọ̀ onírù tuntun ní oṣù kìíní ọdún 1963. Ọmọ ọdún 19 péré ni!

Ìràwọ̀ onírù kì í ṣe ìràwọ̀ gidi o. Yìnyín àti eruku ló dì pọ̀. Tó bá ti sún mọ́ oòrùn, ooru á sọ yìnyín yẹn di oru, eruku á tú jáde, òun ló ń di ìrù. Orúkọ ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ni wọ́n sì ń fi pè é. Òwò bàbá Ikeya ti wó, ọmọ náà sì fẹ́ kí orúkọ ilé wọn tún dára létí aráyé. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe eré ló ń ṣe lóru.

Ọdún 1965 lọ̀rọ̀ wá dùn. Ìjì líle ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ní ìdájí ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án, Ikeya rí ohun kan bí èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí kò yẹ kí nǹkan kan wà. Ó sáré fi wáyà ránṣẹ́ sí Tokyo. Kò mọ̀ pé ní ìlú Kochi, Tsutomu Seki, tíṣà tó ń kọ́ èèyàn ní gìtá, náà ti rí i. Bí ìṣẹ́jú 15 ló wà láàárín àwọn méjèèjì! Láti 1950 ni Seki ti ń wá ìràwọ̀ onírù kiri, 1961 ló tó rí àkọ́kọ́. Ẹ ronú ẹni tó pàtẹ fún ọdún 11 tí oníbàárà kan kò yà! Wọ́n so orúkọ àwọn méjèèjì pọ̀: Ikeya-Seki.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá, ìràwọ̀ náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn, ó ku nǹkan bíi kìlómítà 450,000 kó kàn án. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju bí òṣùpá ṣe jìnnà sí wa lọ. Ó fọ́, àmọ́ kò run tán. Àwọn èèyàn rí i lọ́sàn-án gangan. Wọ́n á fọwọ́ bo oòrùn, wọ́n á rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. (Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má dán an wò o. Oòrùn ń fọ́ ojú.)

Ẹ lè bi mí pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ní awò ràgàjì ńkọ́? Ibi kékeré ni awò ńlá ń tẹjú mọ́ lẹ́ẹ̀kan, kì í wo kiri. Lóde òní, ẹ̀rọ ló ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Síbẹ̀, ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ará Jàpáànù mìíràn, Hideo Nishimura, fi kámẹ́rà rí tiẹ̀. Ikeya fúnra rẹ̀ tún rí òmíràn ní 2002, òun àti Zhang Daqing ará Ṣáínà. Ó ti lé ní ọdún 58 nígbà yẹn. Ní 2010, ó tún rí òmíràn!

Ọ̀gá káfíńtà, tí wọ́n bá tún mú iná lọ, mò ń bọ̀ wá kan ilẹ̀kùn yín. Ẹ bá wa gbé bẹ́ǹṣì kan jáde.