Acha Kì í Ṣe Ọmọ Ìyàwó

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire tí a jọ wà ní Jabi! À ń ra acha lọ́wọ̀n-ọ́nwọ́n, à ń ní ó dára fún alátọ̀gbẹ. (Àwa tí a dàgbà ní Jos ti ń fi ro tùwó kí a tó mọ láfún.) Kí ló dé tí kì í pọ̀? Nǹkan bí 2,000 hóró ló ń wọ gíráàmù kan. Hẹ́kítà kan kì í sábàá mú tọ́ọ̀nù kan wá. Pòròpórò rẹ̀ a máa wó, hóró a sì gbọ̀n dànù kí olóko tó kórè.

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọkà ti ìjọba àpapọ̀ ní Badeggi, tó ní oko ní Riyom, ló ni iṣẹ́ àtúnṣe irúgbìn rẹ̀. Àwọn náà ló ni ìrẹsì. Irú ìrẹsì FARO ti lé ní 60. Ta ló lè dárúkọ irú acha kan nínú yín? Lóòótọ́, òdòdó acha kéré, àtida irú méjì pọ̀ sì ṣòro. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ àbùdá rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2020 ti la ọ̀nà díẹ̀.

Èmi ò fẹ́ acha tí yóò máa béèrè ajílẹ̀ òyìnbó o. Ilẹ̀ tó ti ṣá ni tálákà ń gbìn ín sí. Èyí tí kì í wó, tí kì í gbọ̀n, ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá. Hóró ńlá lè dúró ná.