Ẹ̀bẹ̀ sí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: Ẹ Jẹ́ Ká Máa Wọn Gíga Àwọn Ọmọ Wa

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú yín nítorí ohun kan ṣoṣo: kí a máa wọn gíga àwọn ọmọ wa, kí a sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ títí wọn yóò fi bàlágà.

Nǹkan yìí kì í ṣe àjèjì níbí. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìjọba ìbílẹ̀ Obòkun, ni Dókítà David Morley láti ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ti tẹ̀lé ìdàgbàsókè àwọn ọmọdé ní ìparí àwọn ọdún 1950. Iṣẹ́ yẹn ló bí káàdì tí ìyá ń mú lọ sílé, tí a ń fi àmì sí títí àmì yóò fi di ìlà. Láti ọ̀dọ̀ wa ni káàdì náà ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ìwúwo ló ń fi hàn. Ibà ọ̀sẹ̀ kan lè dín ìwúwo ọmọ kù, oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì sì lè dá a padà. Gíga kì í dínkù. Ohun tó bá dí i lọ́wọ́ ti pẹ́ lára ọmọ. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ti 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà, 37 ni gíga wọn kò tó ọjọ́ orí wọn.

Ọmọ tuntun máa ń gùn tó sẹ̀ńtímítà 50. Kó tó pé ọdún kan, á ti fi bíi 25 kún un. Ní ọdún kejì, bíi 12. Lẹ́yìn ìyẹn, ìlà á rọra máa gòkè, bíi 5 sí 7 lọ́dún, títí ìbàlágà yóò fi tún ta á sókè. Àwọn ọmọbìnrin ló ń kọ́kọ́ ta. Àwọn ọkùnrin á tẹ̀lé wọn lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin fi ń ga ju ọkùnrin lọ ní Prámárì kẹfà.

Ẹ̀yin àgbà wa, àmì kan ṣoṣo kò sọ nǹkan púpọ̀. Ìlà ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọ kúkúrú tí àwọn òbí rẹ̀ kúrú, tí ìlà rẹ̀ sì ń bá ìlà ìsàlẹ̀ inú àwòrán ìdàgbàsókè rìn láìyà, ó sábà máa ń jẹ́ pé ara rẹ̀ le. Ọmọkùnrin ọdún 14 tí ohùn rẹ̀ kò tíì yí padà, tó sì ń fi 5 kún un lọ́dún, sùúrù ló sábà máa ń nílò, kì í ṣe àgúnmu. Ẹni tó yẹ kó dẹ́rù bà wá ni ọmọ tó wà ní ìlà àárín, tó wá ń já wálẹ̀ lọ́dọọdún, kódà bó bá ṣì ga ju ọmọ aládùúgbò lọ.

Mo rí ọ̀kan rí. Ìyá rẹ̀ ní ìyá àgbà ló jọ. Yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n rán fún un ní Prámárì kejì ló ṣì wọ̀ dé Prámárì karùn-ún, kò sì kúrú sí i lára. Aṣọ yẹn ló kìlọ̀ fún wa, nítorí kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti parí. Àyẹ̀wò fi hàn pé táírọ́ìdì inú ọrùn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ tó. Oògùn oníhóró ojoojúmọ́ gbé ìlà rẹ̀ padà sókè, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ti lọ. Bí ìbàlágà bá sì parí, tí orí egungun bá ti pa dé, kò sí oògùn tó lè ṣí i.

Wíwọ̀n náà ní ìlànà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, orí pátákó la ń tẹ́ ẹ sí. Àgbà ọmọ á bọ́ bàtà, á dúró ṣánṣán. Ṣùkú orí ọmọbìnrin nìkan lè fi sẹ̀ńtímítà mélòó kan tàn wá jẹ. Kí a má sì wọn ọmọ ilé-ìwé lóṣooṣù, nítorí àṣìṣe ọwọ́ lè ju ohun tí ó fi ga lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tó.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín: ẹ fún gbogbo ilé-ìwòsàn alábọ́dé ní pátákó ìwọ̀n tó péye, ẹ jẹ́ kí ilé-ìwé máa wọn ọmọ ní sáà kìn-ín-ní àti sáà kẹta, kí ẹ sì kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí a ṣe ń ka ìlà. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àwòrán ìlà náà jáde ní 2006 fún àwọn ọmọ tí kò ju ọdún márùn-ún lọ, àwọn ọmọ Gánà sì wà lára àwọn tí wọ́n fi ṣe é. Ti 2007 gbé e dé ọdún 19. Títẹ̀ ẹ́ sórí káàdì ló kù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti Ìmẹ̀sí-Ilé, kí sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ tó wọlé.