Orin Àyìnlá Kò Gbọdọ̀ Bá Àyìnlá Wọlẹ̀

Bí wọ́n bá dárúkọ Àyìnlá Ọmọwúrà, akọrin àpàlà, ní Abẹ́òkúta, ikú rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn èèyàn: ìjà ilé ọtí, ife tí wọ́n là mọ́ ọn lórí, ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún 1980. Ìtàn náà kò ṣeé fi pamọ́, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ bo iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin náà mọ́lẹ̀. Ohun tí Àyìnlá ṣe láyé ju bó ṣe kú lọ. Ó yẹ kí ilẹ̀ Ẹ̀gbá ṣe àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ kí àwọn tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà tó tán nílẹ̀.

Ìtòkò, ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n bí i sí ní 1933. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀. Wúràmótù ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́, láti ara orúkọ ìyá yìí sì ni wọ́n ti ń pe ọmọ ní Ọmọwúrà. Kò fojú kan iléèwé. Ó bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ nídìí ẹwìrì, ó wa ọkọ̀, ó pa ẹran tà, ó ṣe káfíńtà, kí orin tó gbà á lọ́wọ́ gbogbo wọn. Nígbà tó di 1970, iléeṣẹ́ EMI bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orin rẹ̀ jáde, nǹkan bí 20 àwo ńlá ló sì ṣe kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Iṣẹ́ akọrin àpàlà kì í jẹ́ kéèyàn jókòó sójú kan. Òde ló ń jẹ: ìsọmọlórúkọ lónìí, òkú àgbà lọ́la, Èkó lọ́sẹ̀ yìí, abà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú lábẹ́ atíbàbà, onígángan á kọ́kọ́ fi ìlù kí ẹni tó ni òde. Ẹnì kan á wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ akọrin létí, á sọ orúkọ obìnrin kan fún un, ọmọ ẹni tó jẹ́, àti ọjà tó ń tà. Kí elégbè tó gbe orin lẹ́ẹ̀mejì, akọrin ti hun gbogbo rẹ̀ mọ́ òwe, ó ti fi ohùn gbé e, ìlù sì ti ń dá a lóhùn. Obìnrin náà á dìde, á máa lẹ owó mọ́ akọrin níwájú orí. Kò sí ìwé, kò sí bírò. Bílẹ̀ bá ti mọ́, ọ̀pọ̀ nínú orin alẹ́ ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn. Díẹ̀ tó wọ inú àwo ló ṣẹ́ kù, ìyẹn náà kò sì ní yé ọmọ òní bí kò bá sí ẹni tó máa là á yé e.

Ìlú tó yẹ kó mọyì irú nǹkan báyìí ni Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tó di Nàìjíríà lónìí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà àti awakọ̀ ayé Àyìnlá ni kò mọ̀wé kà, ẹnu akọrin ni wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn tiwọn. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972, Nàìjíríà fi wíwa ọkọ̀ lápá òsì sílẹ̀, ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Ní 1973, wọ́n ka èèyàn jákèjádò orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn náà ni owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù láti ọ̀dọ̀ ìjọba, dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, tí ọjà sì wọ́n gógó. Gbogbo rẹ̀ ni Àyìnlá kọ lórin. Òpìtàn tó bá fẹ́ mọ bí àṣẹ ìjọba ṣe rí létí mẹ̀kúnnù kò lè rí i nínú ìwé ìjọba bó ṣe máa rí i nínú àwọn àwo yìí.

Ẹ̀gbá náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú orin. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá olórin, fi orin wàásù káàkiri abúlé Ẹ̀gbá, ó ń fi ohùn orin ìbílẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ní 1922, wọ́n gba orin rẹ̀ tó ju 40 lọ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọ dúró tì í, orin náà kò sì kú. Ta ló dúró ti akọrin òde àríyá? Yusuf Ọlátúnjí, Baba L'Ẹ́gbàá, tó fi sákárà àti gòjé dá ilẹ̀ yìí lára yá títí ó fi kú ní 1978, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà ń fẹ́ alátìlẹ́yìn.

Àwọn kan á ní oníjàgídíjàgan ni Àyìnlá, pé ó fi orin bú akẹgbẹ́ rẹ̀, pé owó ló ń kọrin fún. Kò sírọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí èèyàn ṣe àkọsílẹ̀ orin kò sọ ẹni tó kọ ọ́ di wòlíì. Orin èébú gan-an jẹ́ ẹ̀rí bí Yorùbá ṣe ń fi ọ̀rọ̀ jà. Ní ti owó, ta ni kì í jẹ níbi iṣẹ́ rẹ̀? Owó yẹn ló jẹ́ kí orúkọ oníṣòwò tí ìwé ìtàn kankan kò dá wọ inú àwo.

Festus Adédayọ̀ ti kọ ìwé lé Àyìnlá lórí lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 2020, Túndé Kèlání sì ṣe fíìmù rẹ̀ ní 2021. Àwọn méjèèjì ṣe bẹbẹ. Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ orin fúnra rẹ̀: kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn iléeṣẹ́ rédíò àtàwọn olùkọ́ èdè Yorùbá ní fásitì pawọ́ pọ̀ kó àwọn àwo náà jọ, kí wọ́n kọ wọ́n pẹ̀lú àmì ohùn, kí wọ́n ṣàlàyé òwe, àdúgbò àti èèyàn tó wà nínú wọn. Kí wọ́n má yọ àwọn onílù sílẹ̀, irú Adéwọlé Oníluọlá, torí ìdajì ọ̀rọ̀ náà, ẹnu ìlù ló wà. Kí ẹbí akọrin sì rí ẹ̀tọ́ wọn gbà.

Iṣẹ́ yìí kò ṣeé sún síwájú. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún lọ́jọ́ tí Àyìnlá kú ti lé ní ọgọ́ta báyìí. Ẹnu irú wọn ni àlàyé wà, ọdọọdún ni wọ́n sì ń dín kù. Bí Abẹ́òkúta bá ṣe é nísinsìnyí, ọmọ iléèwé Ìtòkò máa lè ka Àyìnlá ní kíláàsì lítíréṣọ̀ bó ṣe ń ka àwọn òǹkọ̀wé mìíràn. Àyè tó tọ́ sí i nìyẹn.